Ìrù Bàálù Tí Mo Gé Kúrò Nínú Fọ́tò

Bàbá mi ọ̀wọ́n, awakọ̀ tí kì í sáré,

Aago méje kọjá ìṣẹ́jú díẹ̀ ni mo máa ń ṣí ọ́fíìsì láràárọ̀. Màá kọ́kọ́ fi ẹsẹ̀ ti ìsàlẹ̀ ilẹ̀kùn, nítorí pé igi rẹ̀ ti wú, kí kọ́kọ́rọ́ tó lè yí. Màá gbálẹ̀ láti ẹ̀yìn wá sí iwájú. Màá fi aṣọ tútù nu tábìlì, màá gbé bàálù kékeré oníke tó wà lórí rẹ̀ sókè, màá nu abẹ́ apá rẹ̀ níbi tí eruku máa ń sá pamọ́ sí, màá sì dá a padà kí imú rẹ̀ kọjú sí ẹnu ọ̀nà. Ọ̀gá mi fẹ́ kí ẹni tó bá wọlé rò pé òun gan-an ni ó ń bọ̀ wá gbé. Lẹ́yìn náà ni màá yọ fóònù méjèèjì kúrò lẹ́nu iná. Dúdú ni ti àwọn tó máa ń háyà bàálù nígbà gbogbo. Funfun ni ti àwọn tó fẹ́ wọ̀ ọ́ fún ìgbà àkọ́kọ́. Màá ka ohun tí wọ́n kọ ránṣẹ́, màá dà á kọ sínú ìwé, màá wá gbé báàgì mi kọ́ èjìká, ó di kíláàsì aago mẹ́sàn-án.

Ìkéré ni mo wà báyìí, Bàbá. Oṣù kẹta mi rèé nílé ẹ̀kọ́ gíga tí ẹ sọ pé mo gbọ́dọ̀ wọ̀, bó ti wù kó jìnnà sí Ṣakí tó. Mi ò tíì ní ọ̀rẹ́. Mo ti mọ̀ pé ulé ni ilé, uṣu ni iṣu, ṣùgbọ́n tí àwọn ọmọ kíláàsì mi bá ti ń bá ara wọn ṣàwàdà, wọ́n ti fi mí sílẹ̀ lọ nìyẹn. Màá kàn rẹ́rìn-ín lẹ́yìn tí wọ́n bá ti rín tiwọn tán. Ẹnu mi kò yí padà láti ìgbà tí ẹ ti mọ̀ mí. Ojú mi náà kò yí padà, òun gan-an ló kó mi sí ohun tí mo fẹ́ sọ fún yín yìí.

Àǹtí Bọ́sẹ̀ ni gbogbo èèyàn ń pe ọ̀gá mi, àtàgbà àtọmọdé. Ó máa ń ta tíkẹ́ẹ̀tì, ó máa ń bá èèyàn wá òtẹ́ẹ̀lì, ṣùgbọ́n háyà bàálù ni iṣẹ́ rẹ̀ gangan. Láti ìgbà tí bàálù ti ń balẹ̀ sí ẹ̀bá Adó, àwọn ọmọ Ìkéré, Ìsẹ̀ àti Ẹmùré tó lówó lọ́wọ́ kò fẹ́ fi ọ̀nà ilẹ̀ wá sìnkú mọ́. Bàálù odindi ni wọ́n ń gbà. Àǹtí Bọ́sẹ̀ kò ní bàálù kankan o. Ó dà bí àwọn tó máa ń bá yín pe èrò ní gáréèjì, alárinà ni. Ó ṣe mí lóore. Nígbà tó rí mi tí mo dá jókòó síwájú ṣọ́ọ̀bù onífótókọ́pì ní ọ̀sẹ̀ mi kejì, ó pè mí wọlé, ó fún mi níṣẹ́. Ó máa ń gbé ìrẹsì wá fún mi lọ́jọ́ Jímọ̀. Ìdí nìyẹn tó fi ṣòro fún mi láti kọ lẹ́tà yìí.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí mo rí lórí fóònù dúdú fún yín. Àwọn tó ń wọ bàálù háyà lemọ́lemọ́ kì í béèrè ìjókòó. Wọn kì í béèrè ohun mímu. Bàbá olówó kan wà tó jẹ́ ọmọ Ìsẹ̀, Àbújá ló ń gbé, akọ̀wé rẹ̀ ló máa ń bá wa sọ̀rọ̀. Akọ̀wé náà kì í kí èèyàn pẹ́. Ta ló ni bàálù náà? Ẹ fi ìwé àṣẹ tó fi ń gbé èrò gbowó hàn mí. Àwọn awakọ̀ rẹ̀, wákàtí mélòó ni wọ́n ti fò láti àná, ṣé wọ́n sì sùn? Bó bá bàjẹ́ lórí ilẹ̀, níbo ni òmíràn ti máa wá, kó sì tó wákàtí mélòó? Ẹ fi ìwé ìbánigbófò ránṣẹ́. Iye tí ẹ pè yìí, ṣé yóò yí padà tí a bá dé ọ̀hún? Ta ni màá pè tí nǹkan bá dàrú, kì í ṣe ọ́fíìsì o, orúkọ èèyàn ni mo ń béèrè. Àwọn wo ni wọ́n máa mọ̀ pé ọ̀gá mi rìnrìn àjò?

Lọ́jọ́ tí mo kọ́kọ́ gbọ́ ọ, mo rẹ́rìn-ín, nítorí ẹ̀yin ni mo gbọ́. Ṣé ẹ rántí bí ẹ ṣe máa ń ṣí bónẹ́ẹ̀tì fún ẹni tó wá háyà yín, tí kò tiẹ̀ sọ pé òun fẹ́ wò ó? Ẹ óò fa ọ̀pá ọ́ìlì yọ, ẹ óò fi hàn án, ẹ óò fi hàn án pé táyà àfipamọ́ ní afẹ́fẹ́. Àwọn awakọ̀ tó kù bínú sí yín. Wọ́n ní ẹ ń fi ẹnu yín pe ibi wá sí ọ̀nà. Nítorí bí àwa ṣe ń ṣe é nìyẹn: tí ẹrù bá ti wọ búùtù, ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ béèrè bóyá ọkọ̀ dára. À á lọ ire, à á bọ̀ ire, ó parí.

Àwọn èèyàn orí fóònù funfun kò yàtọ̀. Ṣé funfun ni ìjókòó rẹ̀? Ṣé a lè ya fọ́tò lórí àtẹ̀gùn rẹ̀? Ṣé kúlà oúnjẹ wa máa wọlé? Lẹ́yìn náà, wọ́n á gbàdúrà ránṣẹ́ fún Àǹtí Bọ́sẹ̀, ó tán. Kò sí ẹnì kan nínú wọn tó ti béèrè ẹni tó ni bàálù.

Bóyá ibẹ̀ ni ọkàn mi ti bẹ̀rẹ̀ sí í kọminú. Àǹtí Bọ́sẹ̀ ní kí n kọ ọ̀rọ̀ kan tí a máa gbé sórí Fesibúùkù, nípa ohun tí àwọn tó máa ń háyà bàálù ń wá lọ́dọ̀ ẹni tó ń bá wọn wá a. Mo kọ gbogbo ohun tí akọ̀wé bàbá Ìsẹ̀ máa ń béèrè. Ó mú bírò, ó fi ìlà pa ti ìwé àṣẹ, ó pa ti ẹni tó ni bàálù, ó fi ti pé a máa ń dáhùn fóònù kíákíá sílẹ̀.

"Ẹni tó bá mọ̀ ọ́n á béèrè," ó ní. "Ẹni tí kò bá mọ̀ ọ́n, má kọ́ ọ."

Ó sọ ọ́ tẹ̀ríntẹ̀rín. Mo rẹ́rìn-ín pẹ̀lú rẹ̀.

Àṣìṣe mi ló wá tẹ̀ lé e. Bàálù méjì ni ó máa ń lò jù. Lọ́sẹ̀ mélòó kan sẹ́yìn, mo fi fọ́tò èkejì ránṣẹ́ sí akọ̀wé náà dípò ti àkọ́kọ́. Fọ́tò náà pé, lẹ́tà ìdánimọ̀ tó wà nídìí ìrù rẹ̀ hàn kedere. Ìṣẹ́jú mẹ́wàá kò pé tó fi pè. Àǹtí Bọ́sẹ̀ ń jẹun lọ́wọ́, ó jẹ́ kí fóònù máa sọ̀rọ̀ síta.

"Madam, ta ló fi eléyìí ránṣẹ́ sí mi? Mo mọ bàálù yẹn. Ìlò ara ẹni ni àṣẹ rẹ̀ wà fún. Ẹni tó ni ín kò gbọdọ̀ fi gbé èrò gbowó."

"Ẹ jọ̀ọ́, sà. Ọmọ iṣẹ́ ló ṣèèṣì. Tiyín kọ́ nìyẹn."

Tiyín kọ́ nìyẹn. Bàbá, mo rò ó títí mo fi délé. Bí kì í bá ṣe tiẹ̀, ti ta ni?

Lọ́jọ́ kejì, ó ní kí n máa gé ìrù kúrò nínú fọ́tò bàálù kejì kí n tó fi ránṣẹ́ láti orí fóònù funfun. Ó ní ó máa ń mú kí fọ́tò náà kún jù. Mo fi ọgbọ́n béèrè bóyá ẹni tó ni bàálù náà ti gba ìwé mìíràn. Ó yí àga rẹ̀ kọjú sí mi.

"Ìwọ dákẹ́dákẹ́ yìí, ojú rẹ ń ṣiṣẹ́ ju ẹnu rẹ lọ. Fún méjèèjì ní ìsinmi."

Mo gé e. Ó ti tó èèyàn mẹ́fà tí mo ti fi fọ́tò aláìnírù ránṣẹ́ sí. Gbogbo wọn lọ, gbogbo wọn bọ̀. Mo máa ń yẹ fóònù wò títí wọ́n á fi balẹ̀. Ó ṣeé ṣe kí bàálù náà le bí irin. Ẹni tó ni ín ń wọ̀ ọ́ fúnra rẹ̀, ta ló máa fi ara rẹ̀ sínú ọkọ̀ tí kò dára? Ó ṣeé ṣe kí n máa ro búburú sí obìnrin tó ń bọ́ mi. Ṣùgbọ́n ẹ̀yin lẹ kọ́ mi pé ojú tí wọ́n fi ń yẹ ọkọ̀ ilé wò kọ́ ni wọ́n fi ń yẹ ọkọ̀ háyà wò. Àbí mi ò gbọ́ yín yé?

Màmá Olùkọ́ ni onílé mi. Tíṣà ni wọ́n kí wọ́n tó fẹ̀yìn tì, yàrá ẹ̀yìn ni wọ́n fún mi. Àwọn nìkan ló ń bá mi sọ̀rọ̀ nínú ilé yìí. Tí wọ́n bá sè, wọ́n á ní, "Ọmọ Ṣakí, wá jẹ uṣu." Tí mo bá jẹ ẹ́ láìsọ̀rọ̀, wọ́n á ní, "Ṣé ẹnu rẹ wà fún títà ni, tí o ò fẹ́ kó gbó?" Wọ́n ṣubú nínú balùwẹ̀ lóṣù tó kọjá, egungun ìbàdí wọn fọ́. Dókítà kan ń dúró dè wọ́n ní Àbújá. Wọn kò lè jókòó sínú mọ́tò dé Adó kí wọ́n má ké, ká má tíì sọ Àbújá. Ọmọkùnrin wọn tó wà ní Kánádà ní òun máa gba bàálù fún wọn.

Lánàá, wọ́n pè mí sí ẹ̀gbẹ́ bẹ́ẹ̀dì wọn, wọ́n na fóònù wọn sí mi. "Wá wo ohun tí yóò gbé mi ròkè. Èmi tí mo bẹ̀rù àkàsọ̀ nígbà èwe mi."

Fọ́tò mi ni. Mo mọ ibi tí mo ti gé e, nítorí bàtà ọkùnrin kan kù sí etí rẹ̀ tí mi ò lè yọ. Ọmọ wọn ti bá wa sọ̀rọ̀ lórí fóònù funfun, mi ò mọ̀ pé ọmọ wọn ni. Ọ̀tunla ni wọ́n máa lọ. Wọ́n ti ní kí wọ́n bá àwọn lọ aṣọ òkè tí wọ́n máa wọ̀.

Mo ní ó dára, mà. Mo jáde lọ jókòó sẹ́yìn ilé, mo ń wo òkè Olósùnta títí ojú mi fi rẹ̀.

Bàbá, ohun kan wà tí mi ò tíì sọ fún ẹnikẹ́ni. Lọ́jọ́ tí ẹ bá Bọ̀dá Múfú, ọ̀rẹ́ yín tó ń wakọ̀ bíi tiyín, lọ sí Ògbómọ̀ṣọ́, ọkọ̀ rẹ̀ lẹ wọ̀, ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tí màá rí yín ní ìjókòó èrò. Ẹ̀yin méjèèjì ń pa ara yín lẹ́rìn-ín. Nígbà tó sún ọkọ̀ kúrò, mo rí ibi tó tutù lórí ilẹ̀, lábẹ́ ibi tí táyà iwájú wà. Mo fi ìka kàn án. Kì í ṣe omi. Mo mọ̀ pé kì í ṣe omi, ọmọ yín ni mí. Ọkọ̀ náà ṣì wà ní ìkóríta, wọ́n ń dúró kí tírélà kọjá. Mo lè sáré. Ṣùgbọ́n Bọ̀dá Múfú àgbà ni, ẹ kò ṣí bónẹ́ẹ̀tì rẹ̀, mo sì rò pé bí ẹ̀yin kò bá béèrè, ta ni èmi? Òkú yín ni wọ́n gbé padà wá, wọ́n ní bíréèkì ló já. Ṣé ẹ̀yin náà rí i? Ṣé ojú ọ̀rẹ́ lẹ wò, àbí ẹ kàn fẹ́ jókòó bí èrò lẹ́ẹ̀kan láyé yín? Mo ti bi yín léèrè ní Ṣakí, mo bi yín ní Ìkéré.

Ohun tó ń bà mí lẹ́rù kò kéré. Bí mo bá sọ̀rọ̀, ó ṣeé ṣe kí Màmá má rí ohun tí yóò gbé wọn, kí dókítà sì fi ọjọ́ wọn fún ẹlòmíràn. Iṣẹ́ mi á lọ. Bóyá yàrá mi náà á lọ, nítorí wọ́n á mọ̀ pé ọwọ́ mi ló gé fọ́tò náà. Bí mi ò bá sì sọ̀rọ̀, màá tún jókòó síbì kan, màá máa yẹ fóònù wò.

Mi ò ní lọ sí ọ́fíìsì lọ́la. Tí Màmá bá ti mu ẹ̀kọ wọn tán, màá jókòó sí etí bẹ́ẹ̀dì, màá sọ fún wọn pé èmi ni mo gé e, màá sì fi odindi rẹ̀ hàn wọ́n. Màá ní kí wọ́n pe ọmọ wọn kí n kọ́ ọ bí wọ́n ṣe ń béèrè ẹni tó ni bàálù àti ìwé tó fi ń gbé èrò. Màá pe akọ̀wé bàbá Ìsẹ̀, màá bẹ̀ ẹ́ pé kó sọ bàálù tó ní àṣẹ fún wa, èyí tó lè gbé ìyá arúgbó ní Ọjọ́bọ̀. Lẹ́yìn náà, màá fi ẹsẹ̀ mi rìn lọ sọ ohun tí mo ṣe fún Àǹtí Bọ́sẹ̀, kó má gbọ́ ọ lẹ́nu ẹlòmíràn. Bí ohùn mi bá gbọ̀n, kó gbọ̀n. Màá sọ ọ́ dé òpin.

Èmi ni,
ọmọ yín obìnrin tí ọkàn rẹ̀ kò kúrò lọ́dọ̀ yín.