Òjíá tí mo fún Ràṣídì

Ọjọ́bọ̀, Disẹ́mbà 22, 1977

Wọn ì bá ti gé ẹnu mi yìí sọnù.

Láti ọ̀sẹ̀ tó kọjá ni mo ti ń kọ orin Kérésì tí wọ́n ń kọ́ wa níléèwé fún Ràṣídì, ọmọ ẹ̀gbọ́n mi Àǹtí Sìlífá, tó ṣẹ̀ṣẹ̀ pé oṣù mẹ́ta. Mo yọ orúkọ Jésù, mo fi tirẹ̀ sí i: wúrà fún Ràṣídì, tùràrí fún Ràṣídì, òjíá fún Ràṣídì. Mo purọ́ fún Ìyá Àgbà pé oyin àwọn òyìnbó ni òjíá, kí wọ́n má baà lé mi jáde nílé ìmàle.

Òní ni tíṣà túmọ̀ rẹ̀. Ó ní àlùfáà òyìnbó kan ló ṣe orin náà fún àwọn ọmọ ẹbí rẹ̀. Wúrà jẹ́ ti ọba, tùràrí jẹ́ ti Ọlọ́run.

"Òjíá ni wọ́n fi ń tọ́jú òkú."

Orin ọmọdé kẹ̀! Gbogbo ara mi tutù bí ẹja inú yìnyín ní ọjà Sandgrouse.

Mo délé, ara Ràṣídì gbóná ju ààrò lọ. Oògùn ọsibítù, ó ti bì í tán. Ẹkún rẹ̀ á dé Ìkòròdú.

"Kọ orin rẹ fún un," ni Àǹtí Sìlífá wí, ojú wọn ti wú. "Ìyẹn nìkan ló ń gbọ́."

Mo kọ ọ́. Mo dé orí ẹ̀bùn kẹta, mo gbé e mì. Ọmọ dákẹ́. Mo fi ìka sí imú rẹ̀ nígbà ẹgbẹ̀rún; ó ń mí, ṣùgbọ́n…

Ìyá Àgbà gbójú sókè lórí ẹní. "Músílí, òjíá tòní ńkọ́?"

Mo ní, "Ó ti tán, mà."