Ta Ló Kó Mi Lọ sí Chicago?

Ilé Kangas,
Etí Adágún Kettu.
Ọjọ́ kẹtàlá, oṣù kejì.

Dale ọmọ mi,

Kí ìwé yìí bá ọ ní àlàáfíà, ìwọ àti Kristin ìyàwó rẹ, kí òtútù ìlú ńlá má ṣe yín ní nǹkan kan, kí iṣẹ́ má bọ́ lọ́wọ́ yín, kí ẹni tó ń gbé lókè orí yín nínú ilé alájà mẹ́rìnlá yẹn má da omi lé yín lórí mọ́. Àmín. Ara mi le. Orúnkún ọ̀tún ń dùn mí díẹ̀, ṣùgbọ́n ti òsì ò tíì gbọ́ nípa rẹ̀. Ajá ń kí ọ. Orville tó múlé tì wá náà ń kí ọ, ó pé ẹni ọdún mọ́kànlélọ́gọ́rin lọ́sẹ̀ tó kọjá, a sì jọ jẹ ẹran àgbọ̀nrín tó kù nínú fìríìsà.

Kíkí ti tán nìyẹn. Inú ń bí mi, Dale. Inú ń bí mi débi pé ìwé mẹ́ta ni mo ti fà ya kí n tó kọ èyí, nítorí ọ̀rọ̀ tó wà nínú wọn kì í ṣe èyí tí ìyá ń fi lẹ́tà rán.

Jókòó kí o tó ka ibi tó kàn. Wọ́n ti kó mi kúrò nílé. Mi ò mọ̀, mi ò gbọ́, mi ò di ẹrù kankan, ṣùgbọ́n nínú ìwé ìjọba ìpínlẹ̀ yìí, èmi Helmi Kangas, opó Eino, ẹni ọdún mẹ́rìnléláàádọ́rin, ti di ará Chicago.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun ni mo gbọ́. Mo wà nínú ahéré ẹja wa lórí adágún tó ti di yìnyín, mo ti dá ihò sínú yìnyín, ìwọ̀ ti wà nínú omi, kọfí ń hó lórí sítóòfù kékeré, ẹja méjì sì ti wà nílẹ̀. Ni mo bá gbọ́ ìró alùpùpù yìnyín, ẹnìkan sì kan ilẹ̀kùn. Olùṣọ́ igbó ni, ọ̀dọ́mọkùnrin onírùngbọ̀n pupa kan báyìí, yìnyín ti bò ó títí dé ìpéǹpéjú. Bí mo ṣe rí aṣọ ìjọba lọ́rùn rẹ̀, àyà mi já, mo sì jẹ́wọ́ lójú ẹsẹ̀. Mo ní òótọ́ ni, mo yọ ogún pọ́n-ùn kúrò nínú ìwọ̀n ara mi nígbà tí mò ń kọ fọ́ọ̀mù láísẹ́nsì ẹja, kó jọ̀ọ́ dárí jì mí. Ó ní ọ̀rọ̀ ìwọ̀n kọ́ ló gbé òun wá. Ó dùn mí pé mo ti jẹ́wọ́ lásán. Ṣùgbọ́n bá mi bi wọ́n, Dale: kí ni ẹja fẹ́ fi ìwọ̀n mi ṣe? Wọ́n bi mí bí mo ṣe ga tó. Wọ́n bi mí bí ẹyinjú mi ṣe rí. Ṣé ẹja ló fẹ́ gbé mi níyàwó ni?

Ó gba láísẹ́nsì mi, ó tẹ ẹ̀rọ ọwọ́ rẹ̀, ó jáde lọ wo ara ahéré, ó tún padà wọlé wá tẹ̀ ẹ́. O mọ òfin: ahéré tó bá wà lórí adágún gbọ́dọ̀ ní orúkọ àti àdírẹ́sì ẹni tó ni ín níta. Bàbá rẹ ló fi ọ̀dà pupa kọ tiwa lọ́dún tí a bí ọ, KANGAS, ETÍ ADÁGÚN KETTU, ó wọ́ díẹ̀ lápá ìparí nítorí òtútù ti mú un lọ́wọ́. Olùṣọ́ ní ohun tó wà lára pákó ò bá ohun tó wà nínú ẹ̀rọ mu. Ó ní ẹ̀rọ sọ pé Chicago, ní ìpínlẹ̀ mìíràn, ni mò ń gbé láti oṣù kẹwàá, nítorí náà láísẹ́nsì ọmọ ìlú tó wà lọ́wọ́ mi ò ṣiṣẹ́ mọ́, owó àlejò ni kí n máa san. Ẹja, dọ́là mọ́kànlá ni fún àgbàlagbà ọmọ ìlú, dọ́là mẹ́rìndínlọ́gọ́rin ni fún àlejò. Ti àgbọ̀nrín, má wulẹ̀ béèrè. Alùpùpù yìnyín tí bàbá rẹ fi sílẹ̀ fún mi pàápàá, sítíkà àlejò ni kí n lẹ̀ mọ́ ọn. Ó fún mi ní ọjọ́ mẹ́rìnlá. Kí n jẹ́ kí wọ́n yí ti inú ẹ̀rọ padà kó bá pákó mu, tàbí kí n ha ọ̀dà bàbá rẹ dànù kí n kọ Chicago síbẹ̀. Bí mi ò bá ṣe ọ̀kankan, ahéré á kúrò lórí adágún. Ó mu kọfí mi, ó kọ ẹja, ó ní òfin ò fàyè gba ẹja.

Èmi, àlejò! Bàbá bàbá mi ló gé igi tí wọ́n fi kọ́ ṣọ́ọ̀ṣì tí wọ́n ti ṣe ìrìbọmi fún ọ. Oyún mi wà nínú ìyá mi tó ń pẹja lórí adágún yìí. Láísẹ́nsì ẹja, láísẹ́nsì àgbọ̀nrín, sítíkà fún alùpùpù, sítíkà mìíràn fún ọ̀nà tí alùpùpù máa gbà. Yìnyín tí Ọlọ́run rọ̀ sílẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́ ni wọ́n ń tà fún wa. Tó bá yá wọ́n á ní kí n gba láísẹ́nsì kí n tó sín nínú igbó, iye kan fún ọmọ ìlú, ìlọ́po méje fún àlejò.

Mo délé, mo ní kí n fi fóònù tún un ṣe fúnra mi. Fóònù ní kí n kọ́kọ́ fi hàn pé ènìyàn ni mí. Ó kó àwòrán jáde, ó ní kí n tẹ gbogbo ibi tí iná ojú pópó tó ń dá ọkọ̀ dúró bá wà. Ìwọ náà mọ̀ pé ìlú wa ò ní iná ojú pópó. Mo tẹ àwòrán ọkùnrin kan tó ń sọdá, nítorí ó jọ ẹni tó dáa. Ó ní rárá. Lọ́jọ́ kan ṣoṣo, Dale, mi ò jẹ́ ọmọ ìlú mọ́, mi ò sì jẹ́ ènìyàn.

Ìgbà yẹn ni mo wá rò ó dáadáa, mo sì mú ọ̀daràn. Fóònù yìí náà ni. Ìwọ lo mú un lọ sí Chicago lóṣù kẹwàá kí wọ́n bá mi tún ojú rẹ̀ tó fọ́ ṣe, ọ̀sẹ̀ mẹ́ta gbáko ló sì lò lọ́dọ̀ rẹ. Ibẹ̀ ló ń sùn, ibẹ̀ ló ti ń jẹ iná, ó mọ gbogbo àdúgbò, ló bá lọ sọ fún ìjọba pé ibẹ̀ ni ilé wa. Mo bú u títí ọ̀fun mi fi gbẹ. Mo tì í mọ́ inú ilé igi ìdáná fún ọjọ́ méjì, mi ò fún un ní iná kankan jẹ.

Ní Ọjọ́bọ̀, mo gun alùpùpù lọ sí ìsọ̀ Bernadette, obìnrin tó ń ta ìṣó, ekòló àti láísẹ́nsì. Orville wà níbẹ̀, àwọn mẹ́ta mìíràn náà wà níbẹ̀. Mo sọ fún gbogbo wọn pé fóònù mi ti bà mí jẹ́ lọ́dọ̀ ìjọba. Orville rẹ́rìn-ín títí fìlà fi já bọ́ lórí rẹ̀. Ó ní fóònù kì í dá kọ̀wé, ènìyàn ló ń tẹ̀ ẹ́, ta ló sì mọ̀ ọ́n tẹ̀ nínú ilé mi? Mo ní kó pa ẹnu rẹ̀ mọ́. Mo ní ọmọ tèmi ò sí lára àwọn tó ń gbé ìyá wọn láti ibì kan sí ibì kan bí ẹni gbé àpótí. Mo sọ bẹ́ẹ̀ lójú ènìyàn, Dale. Mo gbèjà rẹ.

Bernadette tẹ kọ̀ǹpútà rẹ̀, ó wò ó, ó wá rẹ ohùn sílẹ̀. Ó ní ọjọ́ tí wọ́n yí àdírẹ́sì náà padà wà níbẹ̀: ọjọ́ Àìkú, ọjọ́ kẹtàdínlógún oṣù kẹwàá, aago kan kọjá ogún ìṣẹ́jú ní ọ̀sán. Orville bẹ̀rẹ̀, ó mú fìlà rẹ̀ nílẹ̀, kò rẹ́rìn-ín mọ́.

Mo rántí wákàtí náà. Ọbẹ̀ ẹja la jẹ. O jókòó sórí àga bàbá rẹ, fóònù mi wà lọ́wọ́ rẹ, o ní Mọ́mì, ẹ jẹ́ kí n bá yín to orúkọ yín dáadáa lọ́dọ̀ ìjọba, kí ẹ má baà máa tò síwájú Bernadette mọ́. Mo ní Ọlọ́run á bù kún ọ. Fóònù ò tíì fojú kan Chicago lọ́jọ́ náà, ọjọ́ kejì lo tó mú un lọ. Láàrin ọbẹ̀ àti kọfí lo kó mi kúrò nílé mi, o sì tún béèrè búrẹ́dì sí i.

Mo ti bẹ fóònù. Mo gbé e jáde nínú ilé igi, mo fún un ní iná, mo ní kó má bínú.

Mo mọ ohun tí o máa sọ. Wàá dárúkọ orúnkún mi. Wàá ní o pè mí fún ọjọ́ méjì nígbà kan, mi ò gbé e. Wàá ní Kristin ti tún yàrá kan ṣe fún mi lọ́dọ̀ yín, wàá ní o fẹ́ sọ ọ́ fún mi lọ́jọ́ Kérésìmesì. Kérésìmesì dé, o jẹ ẹran mi, o ò sọ nǹkan kan. Bí ikú ilé ò bá pani, tòde ò lè pani. Ìjọba pè mí ní àlejò, ìjọba ò mọ̀ mí, kò mu ọmú mi rí. Ìwọ mu ún. Ẹnu ni wọ́n fi ń bi ìyá ní ohun tó bá fẹ́. Ká ní o bi mí, mi ò bá ti sọ fún ọ pé rárá, a ò bá sì ti jà díẹ̀, kí a sì jọ mu kọfí. Ó dùn mí gan-an.

Fọ́ọ̀mù kan wà nínú àpòòwé yìí. Bernadette ní kí wọ́n tó dá mi padà sí ọmọ ìlú, ẹni tó ń gbé ní àdírẹ́sì Chicago yẹn gbọ́dọ̀ fọwọ́ sí i pé mi ò bá a gbé. Fọwọ́ sí i. Má fi fóònù rán an, èmi àti fóònù ṣẹ̀ṣẹ̀ parí ìjà ni. Ọjọ́ mẹ́sàn-án ló kù. Gbé e wá fúnra rẹ lọ́jọ́ Sátidé, kí o sì mú ọgọ́ta dọ́là dání fún láísẹ́nsì tuntun àti sítíkà, nítorí ìwọ lo ba ti àkọ́kọ́ jẹ́. Ra ọ̀dà pupa agolo kan bí o bá ń bọ̀.

Ọlọ́run á ṣọ́ ọ lójú ọ̀nà, kí ọkọ̀ rẹ má yọ̀ lórí yìnyín. Ọmọ tí ẹ máa bí á máa bi ọ́ léèrè kó tó ṣe ohunkóhun nípa rẹ. Búrọ́ọ̀ṣì bàbá rẹ ṣì wà níbi tó fi í sí. Ohun tó kọ ti ń ṣí, òfin sì ní ó gbọ́dọ̀ ṣeé kà láti òkèèrè. Ìwọ lo máa tún un kọ, lẹ́tà kọ̀ọ̀kan, èmi á bá ọ mú agolo dání. Bí o bá kọ ọ́ tán, wàá kà á sókè fún mi.

Èmi ni ìyá rẹ,
Helmi Kangas.
Àdírẹ́sì mi wà lókè ìwé yìí.