Ilé Tí Ọmọ Rẹ Kọ́ Sínú Kọ̀ǹpútà

Ọmọ mi ọ̀wọ́n,

Mo kí ọ o, mo kí ọ kú iṣẹ́, mo kí ọ kú àárẹ̀, mo kí ọ kú ojú lọ́nà wa. Ṣé ara le? Ṣé ọ̀gá yín níbi tí ẹ ti ń fọ aṣọ òtẹ́ẹ̀lì ti rọ̀ díẹ̀, àbí ó ṣì ń pariwo bíi ti tẹ́lẹ̀? Ọlọ́run á fún un ní sùúrù, á fún ìwọ náà ní èyí tó ju tirẹ̀ lọ. O ò ní ṣe làálàá fún ẹlòmíràn jẹ. Ọ̀nà tó o bá gbà jáde láàárọ̀, ibẹ̀ náà ni wàá gbà wọlé lálàáfíà. Àmín.

Àwa náà wà níbí, a dúpẹ́. Orúnkún mi ń ké bí ilẹ̀kùn tí wọn ò fi epo sí, ṣùgbọ́n ó ṣì ń gbé mi dé ibi tí mo bá ń lọ. Owó tó o fi ránṣẹ́ wọlé, báǹkì sì kọ̀wé sórí fóònù mi, wọ́n pè mí ní oníbàárà wọn ọ̀wọ́n, mo bá tẹ̀ ẹ́ padà fún wọn pé ẹ ṣeun, ara mi le, ilé ńkọ́, àwọn ọmọ ńkọ́. Títí di bí mo ṣe ń kọ̀wé yìí, wọn ò dá mi lóhùn. Ẹ̀rù ń bà mí pé bóyá ẹni tó máa ń kọ ọ́ ń ṣàìsàn. Tó o bá gba ọ̀dọ̀ wọn kọjá, jọ̀ọ́, bá mi yà kí i.

Wò ó, ohun tí mo fẹ́ bá ọ sọ gan-an rèé. Wọ́n ti fi mí sínú ìgbìmọ̀. Má rẹ́rìn-ín. Ilé-ìwé girama tí mo ti ṣọ́ géètì, tí mo ti lu aago títí wọ́n fi ní kí n lọ sinmi, tí ọmọ rẹ ń lọ báyìí, àwọn ló ránṣẹ́ pè mí. Wọ́n fẹ́ gba sọ́fíwíà tí àwọn ọmọ á máa fi ya àwòrán nínú kíláàsì. Sọ́fíwíà yìí, bí wọ́n ṣe là á yé mi, ohun kan ni tí ojú kì í rí, wọ́n á dà á sínú kọ̀ǹpútà, kọ̀ǹpútà á wá mọ iṣẹ́ tí kò mọ̀ tẹ́lẹ̀. Kì í ṣe àwòrán pẹlẹbẹ ti inú ìwé o. Àwòrán tó ní iwájú tó ní ẹ̀yìn ni, èèyàn lè yí i po, èèyàn lè bẹ̀rẹ̀ wo abẹ́ rẹ̀, tó bá sì jẹ́ ilé, èèyàn lè wọ inú rẹ̀ lọ. Oríṣi mẹ́ta ni wọ́n gbé wá fún wọn láti dán wò ná. Ọ̀gá ilé-ìwé wà nínú ìgbìmọ̀, obìnrin tó mọ̀wé dáadáa, tísà kọ̀ǹpútà náà wà níbẹ̀. Wọ́n wá ní àwọn ń wá òbí kan tí kò mọ nǹkan kan rárá nípa kọ̀ǹpútà, torí tó bá yé irú ẹni bẹ́ẹ̀, á yé ọmọ yòówù. Wọ́n wá gbogbo àdúgbò, wọ́n sì rí i pé èmi ni mo yẹ jù. Orí mi wú.

Yàrá kọ̀ǹpútà yìí, ibi tí a máa ń kó àga tó ti bàjẹ́ sí láyé ìgbà tèmi ni. Fèrèsé rẹ̀ kọjú sí pápá. Lọ́sàn-án, oòrùn á wọlé, á pọ́n bí oyin, eruku á máa léfòó nínú rẹ̀ jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́, fáànù á máa yí bí ẹni tó ń tòògbé. Tí mo bá jókòó síbẹ̀, n kì í mọ̀ bóyá mo sùn ni àbí mo jí.

Èyí tí a kọ́kọ́ wò, Ìyàwó Olówó ni mo sọ ọ́. Ó lẹ́wà, kò sí irọ́ níbẹ̀. Ṣùgbọ́n kó tó dìde, ẹ ó ti jókòó títí. Kò gbà láti wọ inú àwọn kọ̀ǹpútà àtijọ́ tí àwọn ọmọ ń lò, àfi ti ọ̀gá ilé-ìwé nìkan tí wọ́n máa ń gbé wá láti ọ́fíìsì, wọ́n sì ní ọdọọdún ni wọ́n á máa sanwó rẹ̀ bí ẹni ń san owó ilé. Èkejì, mo sọ ọ́ ní Ọmọ Ilé, torí kò lágídí. Kò ní ju páálí onígun mẹ́rin lọ, àti ohun róbótó bí bọ́ọ̀lù, àti ohun gbọọrọ bí páìpù, àwọn ni wàá máa tò lé ara wọn títí wọ́n á fi di ohun tó o fẹ́. Gbogbo kọ̀ǹpútà ló gbà á wọlé, kò sì béèrè owó. Ẹ̀kẹta, Àlejò lorúkọ tèmi fún un. Orí íńtánẹ́ẹ̀tì ló ń gbé. Tí nẹ́tíwọ̀kì bá ti lọ, á bá a lọ, á sì kó iṣẹ́ ọwọ́ rẹ dání. Ó ṣe bẹ́ẹ̀ sí ọmọ kan tó ti ń ya ọkọ̀ láti àárọ̀, ọmọ náà bú sẹ́kún. Mo ní kí wọ́n yára ti géètì, bóyá kò tíì jìnnà.

Wọ́n ní kí a fún ọ̀kọ̀ọ̀kan ní máàkì. Ṣé ọmọ lè tètè mọ̀ ọ́n, ṣé ó ń ṣiṣẹ́ láìsí nẹ́tíwọ̀kì, ṣé agbára ilé-ìwé ká a. Èmi fi tèmi kún un, mo ní ṣé ó ní sùúrù, ṣé kì í fi ọmọ ṣẹ̀sín tí ọmọ bá ṣì í. Ọ̀gá ilé-ìwé ní ìyẹn náà dáa.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti kan ọ rèé. Nígbà tó kan ọmọ rẹ láti dán Ìyàwó Olówó wò, àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ti ya mọ́tò, wọ́n ti ya ọkọ̀ òfuurufú. Òun kọ́ ilé. Ojú mi báyìí ni ògiri ń gòkè. Mo bi í léèrè pé ilẹ̀ ta ni. Ó ní ilẹ̀ ibẹ̀ kò ní onílẹ̀. Mo ní háà, kó rọra, tí àwọn ẹbí ìyá rẹ bá gbọ́ pé ilẹ̀ kan wà tí kò lónílẹ̀, ilẹ̀ ọ̀la ò ní mọ́ kí wọ́n tó pín in. Lọ́jọ́ kan, kò tíì kan òrùlé tí aago fi lù, ojú ọjọ́ sì ti ṣú. Tísà fẹ́ pa kọ̀ǹpútà. Mo bẹ̀ ẹ́ pé kó jẹ́ kí ọmọ fi nǹkan bo ilé yẹn ná, òjò kan ṣoṣo tó láti ba ògiri tuntun jẹ́. Ó ní òjò kò lè rọ̀ dé ibẹ̀. Mo ní bí wọ́n ṣe máa ń sọ nìyẹn. Ó ṣe sùúrù, wọ́n kan án. Nígbà tí wọ́n ń gbé kọ̀ǹpútà náà padà sí ọ́fíìsì, mo bá wọn dì í mú, mo mí kanlẹ̀ torí odindi ilé ti wà nínú rẹ̀, àṣé bó ṣe fúyẹ́ tẹ́lẹ̀ náà ló ṣì fúyẹ́. Ó yà mí lẹ́nu títí di òní.

Ọjọ́ tí ilé parí, ọmọ rẹ fà mí lọ́wọ́, ó ní Bàbá àgbà, ẹ wá wọlé. Mo bọ́ bàtà mi. Mo ní àgò onílé o. Àwọn ọmọ rẹ́rìn-ín, èmi ò rẹ́rìn-ín, a kì í kàn já wọ ilé onílé. Ó fi ọwọ́ yí nǹkan kékeré kan lórí tábìlì, ilẹ̀kùn sì ṣí fúnra rẹ̀. Ọmọ mi, a ò rìn, a kàn ń lọ ni, bí èèyàn ṣe máa ń lọ lójú àlá, tí ẹsẹ̀ kì í kan ilẹ̀, tí orúnkún kì í dunni. A gba pálọ̀ kọjá. Bẹ́ẹ̀dì mi wà lẹ́bàá fèrèsé bí mo ṣe fẹ́ ẹ. Kò sí ariwo, kò sí eṣinṣin, oòrùn dúró sójú kan. Nígbà tí a dé ilé ìdáná, obìnrin kan wà níbẹ̀, ó kẹ́yìn sí wa. Mo kí i, kò dáhùn. Ọmọ rẹ ní ìyá òun nìyẹn.

Mo ní kó jẹ́ kí n rí ojú ẹ̀. Ó yí i po. Kì í ṣe ìwọ. Ìyàwó Olówó ní àwọn èèyàn tó ti kó kalẹ̀, ọkùnrin, obìnrin, ọmọdé, bí wọ́n ṣe ń kó àwo sórí pẹpẹ. Ẹni tó bá ń wá ìyá, á mú ọ̀kan, á gbé e sínú ilé rẹ̀. Imú rẹ̀ tín-ín-rín, kò ní ojú rẹ rárá, kò sì wo ẹnikẹ́ni. Ọmọ rẹ ní òun mọ̀ pé kò jọ ọ́, ṣùgbọ́n ó wà nílé. Bó ṣe sọ ọ́ gan-an nìyẹn, ó wà nílé. Mo rántí gbogbo ìgbà tó o ti sọ fún un lórí fóònù pé oṣù tó ń bọ̀ ni wàá wá. Mo bá wọ bàtà mi.

Láti ọjọ́ náà, tí wọ́n bá ti jáde ní kíláàsì, á sáré lọ wo obìnrin yẹn. Èmi pàápàá lá àlá rẹ̀ lọ́sàn-án kan tí oorun gbé mi lọ lórí àga. Ó ń fọ abọ́, mo ń pè é ní orúkọ rẹ, omi ń ṣàn, kò gbọ́.

Ọjọ́ tí a máa yan ọ̀kan pé. Ọ̀gá ilé-ìwé fẹ́ Ìyàwó Olówó, ó ní iṣẹ́ rẹ̀ dán, ó yẹ ilé-ìwé. Tísà fẹ́ Ọmọ Ilé. Ó wá ku èmi. Ọmọ rẹ ti bá mi sọ̀rọ̀ láti ilé, kò bẹ̀ mí, ó kàn ní Bàbá àgbà, tí ẹ ò bá yàn án, wọ́n á yọ ọ́ kúrò, ilé wa á bá a lọ. Mo jókòó, gbogbo ojú ń wò mí. Mo wo kọ̀ǹpútà kan ṣoṣo yẹn, mo wo àwọn ọmọ tó tò sẹ́yìn rẹ̀, tí àwọn mìíràn ò tíì fọwọ́ kàn án láti ọjọ́ tó ti dé. Gbogbo ọmọ ni mo ń ṣí géètì fún nígbà ayé iṣẹ́ mi, mi ò ṣí i fún ọ̀kan kí n tì í mọ́ èkejì. Mo ní Ọmọ Ilé ni mo yàn.

Ọ̀sán ọjọ́ náà ni wọ́n yọ Ìyàwó Olówó. Mo bi tísà bóyá a lè kọ́kọ́ kó ẹrù jáde, ó ní kò ṣeé ṣe, ohun tí èyí bá kọ́, èkejì kì í lè gbé e. Ó tẹ nǹkan kan, ó parí. Kò sí eruku, kò sí igbe. Ọmọ rẹ ò bá mi sọ̀rọ̀. Ó ń kí mi láàárọ̀ torí ọmọ tí a kọ́ ni, ṣùgbọ́n ìkíni náà tutù bí omi òjò. Ó dùn mí, mi ò lè purọ́ fún ọ. Mo ń bi ara mi pé irú bàbá àgbà wo ni mo jẹ́.

Nígbà tó ṣe, mo rí i tó yá téèpù lọ́wọ́ aránṣọ tó wà lódìkejì ọ̀nà. Ó wọn bẹ́ẹ̀dì, ó wọn fèrèsé, ó wọn àga tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kan kúrú. Ó ní kí n dìde dúró ti ògiri kí n má mì, ó wọ̀n mí láti àtẹ́lẹsẹ̀ dé àtàrí. Ó ní Ọmọ Ilé ò ní ilé kankan tó kó kalẹ̀, kò sì ní èèyàn, ohun gbogbo lèèyàn á fọwọ́ ara rẹ̀ ṣe, torí náà èyí tí òun ń kọ́ báyìí, ilé wa gan-an ni. Mo lọ wò ó. Òótọ́ ni. Mo rí ara mi lẹ́bàá fèrèsé, orí mi róbótó bí ọsàn, ẹsẹ̀ mi gbọọrọ, mo sì tẹ̀ díẹ̀ bí mo ṣe tẹ̀. Inú mi dùn débi pé mo kí ara mi.

Ìwọ ló wá kù. Ó ti ṣe ẹsẹ̀ rẹ, ó ti ṣe aṣọ búlúù tó o wọ̀ lọ́jọ́ tó o lọ, ó dé èjìká, ó dúró. Ó bi mí pé báwo ni ìyá òun ṣe ga tó. Mo ní o máa ń dé etí mi tó o bá dúró tì mí. Ó wò mí títí, ó ní Bàbá àgbà, ẹ ti tẹ̀ láti ìgbà yẹn. Òótọ́ ọ̀rọ̀, etí mi ò sí níbi tó wà nígbà náà mọ́. Mo ní ká pè ọ́ lórí fóònù kó o sọ ọ́ fún wa. Ó ní rárá o, gbogbo ohun tó wà nínú ilé náà ni òun fọwọ́ ara òun wọ̀n, òun ò ní torí ìyá òun bẹ̀rẹ̀ sí í gba àgbọ́sọ. O mọ ẹni tó jogún agídí yẹn lọ́dọ̀ rẹ̀.

Ó wá kan ọ̀rọ̀ owó. O mọ̀ pé n kì í kọ lẹ́tà kí n má tọrọ, ṣùgbọ́n ti oṣù yìí, má fi ránṣẹ́. Fi wọ ọkọ̀. Tó bá ṣẹ́ kù, bá mi ra bátìrì rédíò, tí kò bá ṣẹ́ kù, rédíò lè panu mọ́. Tí ọ̀gá yín bá ní òun ò gbà, sọ fún un pé ìgbìmọ̀ ilé-ìwé ló ń pè ọ́. Irọ́ kọ́, mo wà nínú ìgbìmọ̀.

Ọlọ́run tó mú ọ lọ á mú ọ bọ̀. Ọ̀nà ò ní jìn jù fún ọ, ọkọ̀ tó o bá wọ̀ á gúnlẹ̀ sí ayọ̀, iṣẹ́ tó o fi sílẹ̀ á dúró dè ọ́. Ọmọ rẹ kí ọ púpọ̀. Ó ní tó o bá wọlé, kó o má tíì jókòó, kó o kọ́kọ́ wá dúró ti ògiri.

Èmi ni,
Bàbá rẹ.