Ọwọ́ Irin Tí Ó Ń Bọ́ Ìyá Rẹ

Oníwáyà ọmọ mi,

Mo kí ọ, mo kí ọkọ rẹ tó gùn bí òpó iná, mo kí àwọn ọmọ-ọmọ mi. Èmi nìkan ni mo to ọwọ́ irin tí o fi ránṣẹ́! Ó dáa, irọ́ díẹ̀ wà níbẹ̀: ẹ̀gbọ́n rẹ ló to irin àti wáyà rẹ̀, èmi di tọ́ọ̀ṣì mú.

Òrùlé tó ń jò ti dákẹ́. Apá ìyá rẹ méjèèjì ni kò tíì gbéra.

Ọmọ mi, gbà mí. Ṣíbí ẹ̀rọ náà kì í dé ẹnu. Àyà ìyá rẹ ni ọbẹ̀ ń dà sí. Ó ń fi mí ṣẹ̀fẹ̀: "Àbí ẹ̀yin lẹ bí i ni? Ó mà jọ yín o!" Mo bá a rẹ́rìn-ín, mo lọ sunkún ní ẹ̀yìnkùlé. Ìyá rẹ ti ń rù.

Ẹ̀gbọ́n rẹ ní o fẹ́ fi kọ̀ǹpútà tún ẹ̀rọ náà yà láti ìbẹ̀rẹ̀. Má ṣe bẹ́ẹ̀, iṣẹ́ rẹ dára. Ẹ̀kọ́ tí ẹ̀rọ náà kọ́ ni kí o pa rẹ́, kí ẹ̀gbọ́n rẹ tún un kọ́. Jọ̀ọ́, yára. Ọlọ́run kò ní jẹ́ kí làálàá rẹ já sí asán.

O ní ọpọlọ àtọwọ́dá inú rẹ̀ á máa ṣe bí ọwọ́ ẹni tó bá kọ́ ọ gẹ́lẹ́. Èmi ni mo kọ́ ẹ̀rọ náà. Ọwọ́ mi ń gbọ̀n, n kò sì sọ fún ẹnikẹ́ni.

Bàbá rẹ