Tábìlì Tó Ṣeé Ká Mọ́ Ògiri

Norrbäck,
Ọjọ́ kẹsàn-án, oṣù Kẹta.

Ẹ̀gbọ́n mi ọ̀wọ́n, Ingegerd,

Mo kí yín tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀ láti òkè àríwá níbí, níbi tí yìnyín ò tíì fẹ́ kúrò lórí òrùlé wa. Mo lérò pé orúnkún yín ti fúyẹ́, àti pé ẹ ti ń dá gun àtẹ̀gùn. Ara tèmi le, ọkàn mi ni ò balẹ̀. Ìdí nìyẹn tí mi ò fi gbé fóònù gbogbo ìgbà tí ẹ pè mí. Mo mọ̀ pé ẹ ó gbọ́ ọ lóhùn mi.

Ẹ rántí ohun tí dókítà sọ fún èmi àti Malin ọmọ wa nígbà tí rọpárọsẹ̀ kọlu Sixten. Ó ní bí ọkọ mi bá tiẹ̀ yè é, kò ní padà wálé, ilé ìtọ́jú àwọn arúgbó ni yóò máa gbé. Lọ́jọ́ náà ẹ sọ fún mi pé, "Gunvor, má tíì fọwọ́ kan ṣọ́ọ̀bù káfíńtà rẹ̀ o. Ní sùúrù." Mo ní mo ti gbọ́. Mi ò gbọ́. Tábìlì iṣẹ́ ńlá tí Sixten kàn lọ́dún tí a fẹ́ra, tí ọkùnrin mẹ́rin ò lè dá gbé, mo fi ta ọkùnrin kan lọ́rẹ, ẹni tó fẹ́ ṣí ilé kọfí nígboro. Mo sọ fún Malin pé àyè ni mo ń wá, kí mọ́tò lè máa wọ ṣọ́ọ̀bù nítorí yìnyín. Irọ́ ni. Mi ò lè máa rí tábìlì yẹn láràárọ̀ ni.

Nígbà tó kù díẹ̀ kí Kérésìmesì dé, Sixten bẹ̀rẹ̀ sí sọ̀rọ̀. Ẹsẹ̀ rẹ̀ ò gbé e, ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ ò ṣiṣẹ́, ṣùgbọ́n orí rẹ̀ pé pérépéré. Lẹ́yìn ọdún tuntun, wọ́n dá a padà wálé nínú àga onítáyà. Kò tíì bọ́ kóòtù rẹ̀ tó fi ní, "Ìyá Malin, gbé mi lọ sí ṣọ́ọ̀bù." Mo ní yìnyín ti dí ẹnu ọ̀nà. Nígbà tó tún béèrè, mo ní kọ́kọ́rọ́ ti sọnù. Lẹ́yìn ìyẹn mo ní ibẹ̀ tutù jù fún àyà rẹ̀.

Mo wa mọ́tò lọ sí ilé kọfí yẹn kí n lè bẹ ọkùnrin náà. Ó ti gé ẹsẹ̀ tábìlì kúrú, ó ti fi ọ̀dà funfun kùn ún, ó to ìkòkò òdòdó sórí rẹ̀. Mo ra kọfí kan, mi ò lè mu ún. Mo padà sílé.

Ìgbà yẹn ni mo pinnu láti kan òmíràn fúnra mi. Ẹ mọ̀ pé yàtọ̀ sí àpótí adìyẹ, mi ò kan nǹkan kan rí. Mọ́tò tó ń gbé Sixten lọ sí ọsibítù ní láti máa sùn sínú ṣọ́ọ̀bù, nítorí náà tábìlì náà gbọ́dọ̀ ṣeé ká mọ́ ògiri. Orí ìjókòó ni yóò sì ti máa lò ó. Lọ́jọ́bọ̀ kan tó ń mu ọbẹ̀ ẹ̀wà, mo díbọ́n bí ẹni pé ṣíbí já bọ́ lọ́wọ́ mi, mo bẹ̀rẹ̀, mo sì fi òwú tí mo fi ń hun súwẹ́tà wọn ibi tí ìgbọ̀nwọ́ rẹ̀ ga dé. Ó ní, "Kí lò ń wá lábẹ́ mi?" Mo ní ṣíbí ni.

Ohun tó wà nílé ni mo lò, àfi hínjì nìkan ni mo rà, irin tí ilẹ̀kùn fi ń ṣí tó fi ń padé. Ilẹ̀kùn kọ́bọ́ọ̀dù àtijọ́ kan ló di ojú tábìlì. Mo kan pákó gbọọrọ mọ́ ògiri, mo fi hínjì so ilẹ̀kùn náà mọ́ ọn. Mo yọ ẹsẹ̀ méjì lára bẹ́ẹ̀dì tí Malin ń sùn sí lọ́mọdé, mo fi hínjì so àwọn náà kí wọ́n lè ká sábẹ́. Mo kọ́kọ́ kàn wọ́n sódì. Bí mo ṣe gbé garawa ọ̀dà lé e báyìí, ẹsẹ̀ yẹ̀, ọ̀dà dà sí mi ní bàtà. Mo jókòó sílẹ̀, mo sunkún, mo tú u, mo tún un kàn. Mo wá fi igi kan dábùú ẹsẹ̀ méjèèjì, kò yẹ̀ mọ́.

Ní Sátidé tó kọjá, mo ti Sixten nínú àga rẹ̀ lọ sí ṣọ́ọ̀bù. Ó wo gbogbo ilẹ̀ yípo. Ó ní, "Ó dà?" Mo sọ gbogbo rẹ̀ fún un. Ó nawọ́ òsì sí ẹnu ọ̀nà, mo sì tì í padà sínú ilé. Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, bí mo ṣe ń bu kọfí fún un, ó ní, "Ṣé o ti sin mí tán ni?"

Mo ní, "Ẹ̀rù ló bà mí, Bàbá Malin. Mo fẹ́ ti sunkún tán kí wọ́n tó wá sọ fún mi pé ẹ ti kú."

Ó mu kọfí rẹ̀ tán. Ó ní, "Gbé mi lọ."

Nígbà tí a dé ṣọ́ọ̀bù, mo na tábìlì tí mo kàn kúrò lára ògiri. Ó fi ọwọ́ òsì pa ojú rẹ̀, ó tẹ̀ ẹ́, ó tẹjú mọ́ àwọn hínjì. Ó ní, "Ta ló kan èyí? Àbí ajá ni?" Mo ní èmi ni. Ó ní kí n fún òun ní ìfági, kí n há pákó kan mọ́ orí tábìlì fún òun. Bó ṣe ń fi ọwọ́ kan ṣoṣo fá igi náà, tábìlì ń gbọ̀n. Fífúyẹ́ ló fúyẹ́, kò dà bí ti tẹ́lẹ̀. Mo rò pé yóò ju ìfági nù. Ó wò mí láti òkè dé ilẹ̀, ó ní, "Gun orí rẹ̀, kó lè wúwo." Bí mo ṣe jókòó sí igun tábìlì nìyẹn, èmi ìyá àgbà, tí èérún igi ń já bọ́ sí mi lẹ́sẹ̀.

Kò sọ pé òun ti dárí jì mí, mi ò sì béèrè. Àmọ́ nígbà tí mo mí kanlẹ̀, ó dáwọ́ dúró, ó ní, "Má mira. Mò ń ṣiṣẹ́."

Kí ara yín ó máa le, ẹ̀gbọ́n mi. Kí orúnkún yín ó gbé yín dé ibi gbogbo tí ẹ bá fẹ́ lọ, kí a sì fojú kan ara wa nígbà ẹ̀ẹ̀rùn.

Èmi ni àbúrò yín tí ojú yín ń tì,
Gunvor.

Àfikún: Mo ti sọ fún Sixten pé ẹ̀yin ni mò ń kọ̀wé sí. Ó kí yín. Ó ní kí ẹ má tíì bá mi wí o, òun fúnra òun ò tíì bá mi wí tán.