Ìyá Dúpẹ́ Méjì Lẹ́nu Aago Kan

Bàbá mi ọ̀wọ́n, ẹni tó ń fi bàtà kọ́ ọwọ́ kẹ̀kẹ́ lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì,

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta. Mo mọ̀ pé wọn kì í kí ẹni tó ti lọ báyẹn, ṣùgbọ́n ẹnu mi ò mọ ìkíni mìíràn. Ṣé ẹ ṣì ń wọ bàtà ọ̀hún lọ́hùn-ún, àbí ẹ ṣì ń tọ́jú rẹ̀ kí eruku má bà á jẹ́? Gbogbo ìgbà tí mo bá gun kẹ̀kẹ́ ni mo ń rí yín, tí ẹ dúró lẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀ṣì, tí ẹ ń fi ìkangun ṣòkòtò nu ẹsẹ̀ kí ẹ tó ki í bọ bàtà.

Mo ti ríṣẹ́ o. Ó pé ọdún méjì báyìí tí mo ti wà ní ilé iṣẹ́ òwú kan lẹ́yìn ìlú Ìsẹ́yìn, akọ̀wé aago ni mí. Ẹ má rẹ́rìn-ín. Aago kan wà lẹ́nu ọ̀nà wa níbẹ̀, ó tóbi tó àpótí aṣọ Màmá. Òṣìṣẹ́ á ti káàdì bọ̀ ọ́ lẹ́nu, á fa ọwọ́ irin ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ wálẹ̀, aago á sì tẹ wákàtí tó dé sára káàdì náà. Bó bá ń lọ sílé, á tún ṣe bẹ́ẹ̀. Àwọn ìyá tó ń ṣa pàǹtí kúrò lára òwú ló sọ ọ́ ní Ajẹkáàdì. Èmi ni mò ń kọ orúkọ sórí káàdì, èmi ni mò ń kó wọn jọ lọ́sẹ̀ọ̀sẹ̀, èmi náà ni mò ń to wákàtí wọn sínú ìwé onílà gbàǹgbà. Kò sẹ́ni tó mọ ìwé yẹn tó mi nílé iṣẹ́ náà, mi ò ní fi bò fún yín.

Ẹ wá gbọ́ ohun tí mo fi ẹ̀kọ́ yín ṣe.

Ẹ rántí ọjọ́ tí mo pe ìyá tó ń mọ ìkòkò lójúde wa lórúkọ? Abẹ́ igi òroǹbó lẹ ní kí n kúnlẹ̀ sí, ẹ ní n máa kí gbogbo àgbà tó bá ń kọjá títí oòrùn fi yẹ̀ lórí. Mi ò pe àgbà lórúkọ mọ́ láti ọjọ́ náà. Nígbà tí wọ́n wá kó káàdì òfìfo fún mi níbi iṣẹ́ pé kí n kọ orúkọ, mo kọ ti àwọn ọ̀dọ́ wéréwéré. Mo dé orí àwọn àgbà, ọwọ́ mi kọ̀. Èyí tó dàgbà jù níbẹ̀, Ìyá Dúpẹ́ ni gbogbo wa ń pè é, mo bá kọ Ìyá Dúpẹ́. Àgbà kejì dé lóṣù kejì, Dúpẹ́ lórúkọ àkọ́bí tiẹ̀ náà. Mo tún kọ Ìyá Dúpẹ́! Àwọn méjèèjì ò mọ̀wé kà. Èyí tí ọwọ́ wọn bá kọ́kọ́ bà nínú káàdì méjèèjì láàárọ̀ ni wọ́n ń fà yọ, òun náà ni wọ́n á fi mọ́wọ́ títí wọ́n á fi lọ sílé. Lónìí, káàdì yìí wà lọ́wọ́ ìyá yìí, lọ́la ó bọ́ sọ́wọ́ ìyá kejì. Mò ń rí i, mi ò kà á sí.

Àfi bí ọ̀gá kan ṣe ti Ìbàdàn dé lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun kan, pẹ̀lú ìwé tí orúkọ gbogbo wa wà nínú rẹ̀. Ó ń fi bírò tọ orúkọ kọ̀ọ̀kan lọ sí káàdì rẹ̀. Ó dé orí Sàlámátù Àjọkẹ́, kò rí káàdì. Ó dé orí Rúùtù Àbẹ̀kẹ́, kò rí. Ó wá rí káàdì méjì tí wọ́n kọ Ìyá Dúpẹ́ sí, tí irú orúkọ bẹ́ẹ̀ kò sì sí nínú ìwé rẹ̀. Ó ní ọ̀rọ̀ ti yé òun: ènìyàn méjì ò wá síṣẹ́ rí, iwin méjì ló ń wá. Ó ní kí Sàlámátù àti Rúùtù kẹ́rù wọn lọ́jọ́ Jímọ̀. Mo sáré ṣàlàyé, mo ní àwọn ni Ìyá Dúpẹ́ méjèèjì, ẹ̀bi mi ni. Ó ní ẹnu kì í ṣe ìwé. Ó ní bí mo bá ní ẹ̀rí, kí n mú un wá kó tó di Jímọ̀ náà.

Bàbá, ojú gbà mí tì. Ìyá Dúpẹ́ àgbà wá jókòó sí ọ́fíìsì mi, ó ká ọwọ́ lérí. Opó ni. Ibi iṣẹ́ yẹn ló ti ń jẹ, kò ní oko, kò ní ọmọ tó ń fún un ní nǹkan. Kò tilẹ̀ bú mi. Ì bá sàn kó bú mi.

Ṣùgbọ́n ẹ mọ̀ mí, mi ò kì í sunkún pẹ́. Mo kó káàdì oṣù mẹ́fà sílẹ̀ ọ́fíìsì, mo tò wọ́n lọ́sẹ̀ọ̀sẹ̀. Mo fi gọ́ọ̀mù lẹ abala ìwé onílà mẹ́rin pọ̀, ó gùn tó ẹní. Mo fa ilà: ọjọ́ lápá òsì, òpó méjì lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ọ̀kan fún ìyá kan. Ẹ sì gbọ́ ìwà ọmọ yín: mo kọ Ìyá Dúpẹ́ sórí òpó àkọ́kọ́, mo tún kọ Ìyá Dúpẹ́ sórí èkejì! Orí mi yìí! Mo fi rọ́bà pa á rẹ́, mo gbé ojú kúrò níbẹ̀, mo kọ orúkọ wọn gan-an.

Báwo ni mo ṣe mọ wákàtí tí í ṣe ti ìyá wo? Jímọ̀ ni mo fi mọ̀ ọ́n. Ìyá àgbà a máa lọ kírun, á tẹ káàdì jáde lọ́sàn-án, á tún tẹ̀ ẹ́ wọlé. Ìyá kejì, ọmọ ṣọ́ọ̀ṣì ni, kì í jáde. Mo yẹ gbogbo Jímọ̀ inú oṣù mẹ́fà náà wò. Káàdì tó bá jáde lọ́sàn-án, òun náà ló ń wọlé kí aago mẹ́fà ààbọ̀ tó lù láàárọ̀. Kò yẹ̀ lẹ́ẹ̀kan. Èyí tí kò jáde, kì í dé títí yóò fi ku ṣíún kí aago méje lù, torí abúlé kan lódìkejì odò ló ti ń fẹsẹ̀ rìn wá. Mo pariwo, akọ̀wé kejì rò pé ejò ló wọlé. Mo wá ń pín wákàtí ọjọ́ yòókù: èyí tó yá, òpó Sàlámátù, èyí tó pẹ́, òpó Rúùtù.

Ó wá ku ọjọ́ márùn-ún kan nígbà òjò tí wákàtí ẹnì kan ṣoṣo wà, èyí tó yá. Rúùtù kò wá nìyẹn. Mo lè fi bò ó, mi ò fi bò. Mo wá káàdì àwọn mẹ́ta tó ń ti abúlé kan náà wá, àwọn náà ò wá lọ́jọ́ márààrún. Odò ló kún. Ìwé fúnra rẹ̀ jẹ́rìí.

Lọ́jọ́ Jímọ̀, mo tẹ́ ìwé náà sórí tábìlì níwájú ọ̀gá. Ó mú ọjọ́ tó wù ú, ó wá káàdì rẹ̀, ó bá a bẹ́ẹ̀. Ó mú òmíràn, ó tún bá a bẹ́ẹ̀. Ìgbà tó ṣe, ó rẹ́rìn-ín músẹ́. Ó ní ó ku ohun kan: kí àwọn ìyá náà jáde, kí èmi tí mo kọ̀wé pè wọ́n lórúkọ tó wà nínú ìwé òun, níṣojú gbogbo ènìyàn. Ṣé ẹ̀yin ì bá pè wọ́n, Bàbá? Mo kọ́kọ́ kúnlẹ̀, mo tọrọ àforíjì lọ́wọ́ àwọn méjèèjì. Lẹ́yìn náà ni mo pe Sàlámátù Àjọkẹ́, tí mo pe Rúùtù Àbẹ̀kẹ́, láìsí Màmá, láìsí Ìyá. Wọ́n dáhùn. Wọn ò kúrò lẹ́nu iṣẹ́. Èmi gba ìwé ìkìlọ̀, mo fèsì rẹ̀ lójú ìwé kan, mi ò purọ́.

Nígbà tí a parí, ìyá àgbà fà mí lọ sẹ́yìn ilé ìkówùú-sí. Ó ń sunkún. Mo rò pé ó ń bínú, mo tún fẹ́ kúnlẹ̀, ó dì mí mú. Ó ní láti ọjọ́ tí ìyá òun ti kú ní Ìlerò, kò sẹ́ni tó tún pe òun ní Àjọkẹ́. Ìyá Dúpẹ́ lọkọ òun ń pe òun títí ó fi kú. Ó ní òun ti rò pé wọ́n ti sin orúkọ náà mọ́ ìyá òun. Ó wá ní kí n tún un pè lẹ́ẹ̀kan sí i, kí n rọra pè é.

Mo tún un pè. Láti ọjọ́ náà ni mi ò ti gbádùn, Bàbá, torí yín ni.

Nígbà tí birikilà ń rẹ́ sìmẹ́ńtì orí ibojì yín, ó bi wá pé kí la máa kọ. Èmi ni mo sọ pé a ò lè kọ orúkọ yín gbalaja sílẹ̀ẹ́lẹ̀. “Bàbá Wa” nìkan la kọ. Ní Kérésì tó kọjá, Fẹ́mi àbúrò mi ro koríko, ó fi ẹfun kun ibojì, ó gbàdúrà, ó sunkún. Ibojì bàbá ẹlòmíràn ni! Bàbá Wa mẹ́ta ló wà ní ìlà yẹn. A rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú wa. Mi ò rí ẹ̀rín níbẹ̀ mọ́. Bí àwa ọmọ yín bá kú tán, ta ni yóò mọ̀ pé ẹ̀yin lẹ wà níbẹ̀?

Mò ń bọ̀ ní Ìgbòho ní Sátidé. Mo ti bá birikilà sọ ọ́ pé orúkọ yín gan-an ni kó kọ síbẹ̀, èmi fúnra mi ni n ó dúró tì í. Ẹ má bínú sí mi. Mo ti kúnlẹ̀ kí n tó kọ èyí tó kàn yìí.

Jòsáyà Àkànní Oyèwálé.

Èmi ni, ọmọ yín obìnrin, tó fẹ́ràn yín títí ayé.