Nọ́ọ̀tì Ìsàlẹ̀ Tó Kọ̀ Tí Kò Tú

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ọjọ́ kẹrin oṣù kẹta

Irọ́ ni. Mi ò fọ́ ẹ́ńjìnì Ẹ̀gbọ́n. Gbogbo etí omi ti gbọ́ pé mo fi agídí lù ú títí ìdí rẹ̀ fi là. Rédíò ló ń gbé e kiri — bàbá tó ń tún àwọ̀n ṣe, orúkọ tí mo fún un nínú ìwé yìí nìyẹn. Ohun tó ṣẹlẹ̀: Ẹ̀gbọ́n ní kí n pààrọ̀ ọ́ìlì jíà ẹ́ńjìnì ọkọ̀ ojú omi wa. Nọ́ọ̀tì òkè tú wọ́ọ́rọ́wọ́. Ti ìsàlẹ̀, níbi tí ọ́ìlì ń gbà jáde, kọ̀. Sukudiráfà yọ̀ lórí rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì, ẹnu nọ́ọ̀tì náà jẹ díẹ̀, mo sì dáwọ́ dúró. Dídáwọ́ dúró ni wọ́n ń pè ní fífọ́.

Lọ́jọ́ Ajé tó ń bọ̀, ọkọ̀ wa ni yóò gbé àwọn ọmọ iléèwé méjìlá sọdá lọ ṣèdánwò. Ẹ̀gbọ́n ní bí mo bá dá iṣẹ́ yìí ṣe parí, èmi ni n ó wa ọkọ̀ náà. Bí kò bá tíì parí nígbà tó bá ti ìrìn àjò dé lọ́jọ́ Àbámẹ́ta, a ó pe mẹkáníìkì, n ó sì padà sídìí fífọ ọkọ̀. Ọdún méjì ni mo ti ń fọ ọkọ̀.

Ọjọ́rú, ọjọ́ karùn-ún

Mo da dísù, epo ọkọ̀ ńlá, sí i kó lè tú. Kò mira.

Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ kẹfà

Awẹ́dà, ẹni tó ń fi iná jó irin pọ̀ létí omi, yà wò mí. Ó ní kí òun fi iná jó o, ìṣẹ́jú kan. Mo ní rárá, rọ́bà kan wà nínú rẹ̀ tí kì í jẹ́ kí omi wọlé, iná á yọ́ ọ. Ó ní iléèwé abúlé ni mo lọ, àmọ́ agídí mi ti gba dìgírì. Mo rẹ́rìn-ín, mi ò sì gbà. Ló bá lọ gbé sukudiráfà rẹ̀ tó wúwo wá — èyí tí wọ́n ń fi òòlù lù lórí, tó ń yí bó ṣe ń wọlé. Ó ní kí n má sọ fún ẹnikẹ́ni, òun kì í yáni níǹkan.

Mo kọ́kọ́ fi abẹ́rẹ́ họ ẹnu nọ́ọ̀tì náà kí irin lè jókòó dáadáa. Nǹkan pupa rẹ́súrẹ́sú kan ń jáde létí rẹ̀. Kì í ṣe ìpẹtà. Gọ́ọ̀mù ni! Èyí tí wọ́n ń pò pọ̀ láti inú túùbù méjì, tó ń le bí òkúta. Ta ló ń fi gọ́ọ̀mù lẹ nọ́ọ̀tì ọ́ìlì? Ọkàn mi kọ́kọ́ lọ sọ́dọ̀ Rédíò. Mo tọrọ àforíjì lọ́wọ́ ìwé.

Ọjọ́ Ẹtì, ọjọ́ keje

Gọ́ọ̀mù máa ń rọ̀ bó bá gbóná. Omi gbígbóná tó. Ìyàwó Ẹ̀gbọ́n gbé kẹ́tùrù wá. “Akọ̀wé mi, ẹ́ńjìnì là ń wẹ̀ fún ni àbí ọmọ tuntun?” A wé aṣọ mọ́ ọn, ó ń da omi, mò ń dì í mú. Kẹ́tùrù mẹ́rin. Mo wá lù ú. Ẹ̀ẹ̀kan. Ẹ̀ẹ̀mejì. Lẹ́ẹ̀kẹta ó ké bí ìlẹ̀kùn àtijọ́, ó yí. Ìyàwó Ẹ̀gbọ́n jó. Èmi náà jó — èmi tí kì í jó.

Ọ́ìlì tó jáde funfun bíi tíì oní-mílíìkì. Omi ti wọ inú rẹ̀. Òrùka pẹlẹbẹ tó yẹ kó wà lábẹ́ orí nọ́ọ̀tì kò sí níbẹ̀, gọ́ọ̀mù nìkan. Ká ní bẹ́ẹ̀ la ṣe gbéra lọ́jọ́ Ajé, eyín jíà lè ká láàárín omi, pẹ̀lú ọmọ méjìlá.

Àbámẹ́ta, ọjọ́ kẹjọ

Ẹ̀gbọ́n dé. Mo gbé nọ́ọ̀tì síwájú rẹ̀, mo ní ta ló fi gọ́ọ̀mù sí i. Ó wo nọ́ọ̀tì. Ó wo ìyàwó rẹ̀. Ó wo bàtà ara rẹ̀. Ó ní òun ni. Nígbà òjò, òrùka bọ́ sómi, ọ́ìlì ń kán, òun ní kí òun fi dí i fún ọjọ́ kan péré. Ìyàwó rẹ̀ ní, “Ọjọ́ yín mà gùn o, baálé mi.”

Ó bi mí ta ló tún mọ̀. Mo ní kò sẹ́nìkan, kò sì ní sí. Bí etí omi bá gbọ́, ta ni yóò gbé ọmọ rẹ̀ sínú ọkọ̀ wa? Kí wọ́n máa sọ pé èmi ni. Ara mi gbà á.

Mo fi òrùka tuntun méjì sí i. Mo ti ọ́ìlì tuntun wọlé láti ìsàlẹ̀ títí ó fi yọ lókè, mo dé òkè kí n tó dé ìsàlẹ̀.

Àìkú, ọjọ́ kẹsàn-án

A tan ẹ́ńjìnì fún ìdajì wákàtí létí omi. Mo tú nọ́ọ̀tì díẹ̀ wò. Ọ́ìlì mọ́ bí oyin. Ẹ̀gbọ́n kàn dìde láàárín àwọn ọlọ́kọ̀, kò bá mi sọ ọ́ tẹ́lẹ̀. “Àbúrò mi ò fọ́ nǹkan kan. Èmi ni mo fi gọ́ọ̀mù ba nǹkan jẹ́, òun ló tún un ṣe. Ẹni tí ẹ̀rù ọkọ̀ mi bá ń bà, kó wá wo ọ́ìlì.” Ọ̀gá iléèwé wá, ó ti ìka bọ̀ ọ́, ó ní ó dọ̀la. Rédíò ní òun ò gbọ́ dáadáa. Ẹ̀gbọ́n tún un sọ.

Ọjọ́ Ajé, ọjọ́ kẹwàá

Mo wà á. Ọmọ méjìlá, kò sẹ́ni tí ẹsẹ̀ rẹ̀ tutù. Lójú omi ni mo ti ń ka àwọn tó dúró tì mí. Awẹ́dà. Ìyàwó Ẹ̀gbọ́n. Ẹ̀gbọ́n náà, tó jókòó sí iwájú, tó kọ ẹ̀yìn sí mi láti èbúté dé èbúté, tí kò bojú wẹ̀yìn lẹ́ẹ̀kan láti ṣọ́ bí mo ṣe ń wà á. Mẹ́ta.